Ọwọ́ Ìyá Àgbà Nísàlẹ̀ Apẹ̀rẹ̀

Ìyá àgbà mi kì í ṣe èèyàn rere. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí pé nígbà tí àwọn ará ìjọ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọn yóò kà lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ti sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ kọ fún mi: onínúure, ẹni tó fẹ́ràn àlejò, ìyá gbogbo ayé. Mo kọ ìlà mẹ́ta, mo fà á ya. Ẹni tí wọ́n ń sọ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹlòmíràn ló bá wọn kọ tiwọn. Wọ́n kà á, àwọn èèyàn sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Èyí ni tèmi, èmi Abla, ọmọ ọmọ wọn kan ṣoṣo, tí mo bá wọn gbé ní Atakpamé láti ìgbà tí mo ti wọ kọ̀lẹ́ẹ̀jì títí mo fi di olùkọ́, tí mo sì bá wọn wọ ọjà tó pọ̀ ju èyí tí mo lè kà.

Ibikíbi tí Ìyá Àgbà bá rìnrìn àjò dé, ọjà èso àti ewébẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Kì í ṣe ọjà aṣọ, kì í ṣe ọjà àwo. Ibi tí wọ́n bá ti tẹ́ tòmáàtì, ata, ilá, ọsàn àti ìbẹ́pẹ sílẹ̀ nínú oòrùn ni ẹsẹ̀ wọn ń wá. Wọn kì í tà níbẹ̀, wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rà. Wọ́n kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, bí olùkọ́ ṣe ń yẹ èékánná àwọn ọmọ wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ìgbà kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ gba bọ́ọ̀sì lọ síbi mímọ́ Màríà kan létí adágún, ní gúúsù. Gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n di ojú, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá Àgbà fà mí ní aṣọ. “Níbo ni wọ́n ti ń ná ọjà níbí?” Mo ní, “Ìyá Àgbà, àdúrà la wá gbà.” Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. “Ọlọ́run wà ní Atakpamé. Tòmáàtì ibí ni mi ò tíì rí.”

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kì í yí padà. Wọ́n á kí olùtajà dáadáa, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ọkọ. Bí olùtajà bá ti la ẹnu láti dá wọn lóhùn, ọwọ́ ọ̀tún wọn ti wọ inú apẹ̀rẹ̀ dé ìgúnpá. Wọn kì í wo ọwọ́ náà. Ojú olùtajà ni wọ́n ń wò, torí wọ́n ní ojú èèyàn máa ń sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ kí ọwọ́ tó débẹ̀. Bí wọ́n bá fa èyí tó rà yọ, wọ́n á gbé e sókè kí gbogbo ọjà rí i.

Ní Kpalimé, ọkùnrin kan tó ń ta píà pariwo mọ́ wọn pé wọ́n ti fi àtàǹpàkò tẹ ọjà òun pa. Ìyá Àgbà rọra nu àtàǹpàkò náà sára aṣọ tí ọkùnrin náà fi bo èyí tó kù. Wọ́n ní, “Òkú ni mo bá níbí, ọmọ mi. Mo kàn ń wò ó bóyá ó ti tó sin.” Gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí n má purọ́, ìkà a máa dùn ún wò nígbà tí kò bá kàn ọ́.

Ti Anié ni mi ò lè rẹ́rìn-ín sí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú oyún, apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀. Ó hàn pé kò tíì pẹ́ lọ́jà, torí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ra nǹkan kan. Ìyá Àgbà ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n fa tòmáàtì kan yọ tó ti fọ́, tí omi rẹ̀ ń kán. Wọ́n nà án sí i.

“Jẹ ẹ́.”

Ọmọ náà rò pé eré ni. “Màmá, ẹ má bínú, màá pààrọ̀ rẹ̀ fún yín.”

“Mi ò ní kí o pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kí o jẹ ẹ́.”

Èèyàn ti ń pé lé wa lórí. Ọmọ náà gé e jẹ, ó ń gbé e mì tipátipá, ọwọ́ kan wà lórí ikùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, òun gan-an ló sì ń wọ́ ọ. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, Ìyá Àgbà fi etí ìró wọn nu ẹnu rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní, “Ohun tí ẹnu rẹ kò bá lè jẹ, má fi sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Aládùúgbò wa kan tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà kan ló là mí lójú.

Olùtajà ni Ìyá Àgbà fúnra wọn tẹ́lẹ̀. Etí ọ̀nà ńlá ní Agbonou, nínú Atakpamé, ni wọ́n ń tẹ́ sí, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ Lomé ti máa ń dúró ra nǹkan. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Yawa, ìyá mi, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń tà. Ìyá Àgbà ló ń to apẹ̀rẹ̀: èyí tó ti rà á lọ sísàlẹ̀, èyí tó ń dán á wá sókè. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe é létí ọ̀nà yẹn, torí pé ẹni tó ń lọ Lomé kò ní torí tòmáàtì padà wá jà.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ná apẹ̀rẹ̀ ńlá kan, ọ̀rọ̀ wọ̀. Ó wá béèrè bóyá ìsàlẹ̀ dára. Ìyá Àgbà dáhùn pé bí òkè ti rí ni ìsàlẹ̀ rí. Obìnrin náà wò wọ́n, ó yíjú sí ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà. “Àbúrò, ṣé òótọ́ ni?”

Ìyá mi ní, “Rárá, mà. Ìsàlẹ̀ ti rà.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́, láìfi iyọ̀ sí i. Títí di òní, ìyá mi ò tíì kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Obìnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀hún, ó dà á sójú ọ̀dà, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì gùn ún kọjá. Àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá Àgbà ti di Ìyá Ìsàlẹ̀ Apẹ̀rẹ̀, orúkọ náà kò sì kúrò lára wọn mọ́. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló ń pè é lẹ́yìn fèrèsé wa nígbà tí mo ń kàwé. Ìyá Àgbà kò tẹ́ ọjà mọ́ láyé wọn. Wọ́n kó ẹrù ìyá mi síta, ìyá mi sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ará bàbá wọn ní Notsé, níbi tí wọ́n ti rí bàbá mi fẹ́. Ẹni tó bá béèrè ọmọ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà láti ọjọ́ náà, èsì kan náà ló máa gbọ́: “Ẹlẹ́rìí ni mo bí, mi ò bí ọmọ.”

Nígbà tó yẹ kí n wọ kọ̀lẹ́ẹ̀jì, ìyá mi mú mi wá sí Atakpamé. Mo rò pé nítorí ìwé ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbé wá. Ìyá Àgbà gba àpò mi ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n tì mí wọlé, wọ́n wá yíjú sí ọmọ tí wọ́n bí. Wọ́n pè é ní madáàmù. Wọ́n fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. “Madáàmù, ẹ ṣeun. Ọ̀nà Notsé jìn, ẹ tètè máa lọ.”

Tòmáàtì náà ni ìyá mi ń tà ní Notsé, ṣùgbọ́n wọ́n ń to tiwọn lódìkejì. Èyí tó ní àbùkù ni wọ́n ń kó sókè, kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i. Èyí tó dára jù ló wà nísàlẹ̀. Àlejò á wo òkè, á yọ ṣùtì, á kọjá. Àwọn tó bá mọ̀ wọ́n nìkan ló ń padà wá. Ìyá Àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ wọn nínú. Bí a bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, wọ́n á gbé ohùn sókè kí ìyá mi lè gbọ́: “Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.”

Ẹ má rò pé a kì í dé Notsé, a máa ń débẹ̀. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣókùnkùn, a sì ń lọ Lomé fún ìtọ́jú. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá ń lọ, wọ́n á ní kí awakọ̀ sọ wá kalẹ̀ ní Notsé. A ó wọ ọjà, wọn yóò kọjá níwájú gbogbo onítòmáàtì, wọn yóò dúró níwájú ìyá mi. “Madáàmù, ẹ kú ọjà.” Ọwọ́ á wọ inú apẹ̀rẹ̀ lọ. Á pẹ́ níbẹ̀. Á jáde wá pẹ̀lú èyí tó le, tó pọ́n, tí kò ní àléébù kankan. Wọn yóò ní kí madáàmù ka mẹ́wàá fún àwọn.

Ọ̀rọ̀ èènì wá ni mo fẹ́ sọ. Kò sí ọjà tí a wọ̀ rí tí Ìyá Àgbà kò jà fún èènì. Wọn ò kọ̀ kí wọ́n jókòó ti olùtajà títí di ọ̀sán nítorí ilá mẹ́ta. Wọ́n ní olùtajà tó bá fún ọ léènì ti sọ pé òun fẹ́ rí ọ padà, ẹni tó bá sì gbà á ti gbà pé òun máa padà wá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín rírà àti ojúlùmọ̀ nìyẹn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n ń ṣe ní Notsé fi burú tó bẹ́ẹ̀. Bí ìyá mi bá ti ka mẹ́wàá tán, wọ́n á fi méjì sí i. Ìyá Àgbà á yọ méjèèjì jáde nínú àpò, wọn á tò ó padà sórí ẹní. “Madáàmù, ẹ ti fi ti ẹlòmíràn kún tèmi.”

Nígbà tó bá tún di ìgbà mìíràn, ìyá mi á fi mẹ́ta kún un. Lẹ́yìn náà, márùn-ún. Lọ́jọ́ kan, èènì pọ̀ ju ọjà lọ. Ìyá Àgbà ní kí n wá àpótí fún àwọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ọwọ́ wá wọn torí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n sì ń dá wọn padà. Ìyá mi dúró, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn, wọ́n ń wò ó bíi pé wọ́n ń na àwọn. Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá mi kò sunkún.

Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo bi Ìyá Àgbà léèrè bóyá wọ́n ti rí èyí tó rà rí nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ìyá mi.

“Rárá.”

“Kí lẹ wá ń wá níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?”

“Ẹyọ kan,” ni wọ́n wí. “Ẹyọ kan ṣoṣo ni mò ń wá. Ọjọ́ tí mo bá rí i, a ti dọ́gba nìyẹn. Màá pè é lọ́mọ mi.”

Mo pe ìyá mi lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹyọ kan tó rà síbẹ̀. Kí ló máa ná yín?”

Ìyá mi ní, “Ó máa ná mi ní ohun tí mo torí ẹ̀ fi ilé sílẹ̀.”

Inú bí mi. Kí ni irú èèyàn wọ̀nyí? Ọ̀kan ń wá ìdí láti dárí ji ọmọ rẹ̀, ọmọ ní òun ò ní fún un ní ìdí. Mo wá pinnu pé èmi tí mo jẹ́ ọmọ àwọn méjèèjì ni màá parí rẹ̀.

Ìgbà tí a lọ kẹ́yìn, Ìyá Àgbà ti ń di èjìká mi mú rìn. Kí n tó mú wọn dé ìsọ̀ ìyá mi, mo fi wọ́n jókòó sídìí ọlọ́sàn kan, mo ní mò ń bọ̀. Mo mú tòmáàtì kan tó ti jẹrà lórí ààtàn ẹ̀yìn ọjà, mo fi bébà wé e. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣe bí ẹni tó ń bá wọn tún apẹ̀rẹ̀ ṣe, mo sì rì í mọ́ ìsàlẹ̀. Mo padà lọ mú Ìyá Àgbà wá.

“Madáàmù, ẹ kú ọjà.” Ọwọ́ wọlé. Ọwọ́ dúró. Nígbà tó jáde, omi tòmáàtì ń ṣàn lọ sí ìgúnpá wọn. Wọ́n gbé e sí imú.

“Yawa,” ni wọ́n wí. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn rí. “Yawa, kí lèyí?”

Bí ìyá mi bá dákẹ́, ó tán. Wọn ò ní láti purọ́. Kí wọ́n kàn dákẹ́, kí wọ́n wolẹ̀, kí wọ́n sunkún, èyíkéyìí nínú rẹ̀ ti tó. Mo wà lẹ́yìn Ìyá Àgbà, mò ń mi orí, mo pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, mò ń bẹ wọ́n. Ìyá mi wo tòmáàtì náà. Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ìyá wọn.

“Ìyá, èyí kì í ṣe tèmi. Èmi ni mo to apẹ̀rẹ̀ yìí láàárọ̀. Ẹnì kan ló fi í síbẹ̀.”

Wọ́n sọ ọ́ sókè, gbogbo ìsọ̀ tó yí wa ká sì gbọ́. Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró lófuurufú. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé tòmáàtì jíjẹrà náà kalẹ̀, lórí pátápátá, níbi tí ìyá mi ń to èyí tó ní àbùkù sí. “Madáàmù,” ni wọ́n wí, “ẹ ka mẹ́wàá fún mi.” Ìyá mi kà á. Wọ́n fi ẹyọ kan sí i léènì. Ìyá Àgbà wá a títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì dá a padà.

Bí mo ṣe délé ni mo pe ìyá mi. Mo pariwo mọ́ wọn, ohun tí mi ò ṣe rí. Mo ní, “Ṣé ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pè yín?”

“Mo gbọ́.”

“Kí ló dé tí ẹ ò dákẹ́?”

“Ká ní mo dákẹ́, ta ni wọn ì bá dárí jì? Kì í ṣe èmi.”

Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyá mi wá láti Notsé, wọ́n jókòó sí ìta lójú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Àgbà kò ní kí wọ́n wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, mò ń fún Ìyá Àgbà ní ẹ̀kọ mu, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Mo mọ̀ pé ìwọ lo fi tòmáàtì yẹn síbẹ̀. Ọmọ yẹn ò lè ní ẹyọ kan tó rà.”

Mo ní, “Tí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ pè wọ́n lórúkọ?”

“Mo fẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí n gbà á.”

Mo ní kí n lọ pe ìyá mi wọlé. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ẹni tó bá wà níta, ìta ló yàn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn, mo sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ó yẹ kí n má gbọ́ràn. Lójoojúmọ́ ni mò ń bínú sí wọn, mò ń bínú sí ìyá mi, ìbínú tí mo ní sí ara mi ló sì pọ̀ jù.

Lẹ́nu ibojì, nígbà tí fadá ka àdúrà tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan, ó dà á sórí pósí. Ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wọ́n bu tiwọn, wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n gbọn ọwọ́. Mo di apá wọn mú kí n lè mú wọn kúrò níbẹ̀. Wọ́n já apá wọn gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tún bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn, èyí tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́, wọ́n sì nà án sókè ihò náà.

“Èènì yín nìyí, Ìyá. Ẹ dá èyí náà padà.”